Blackjack Lẹ́yìn Kíkà Káàdì: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Bi Wá Léraléra ní Ìlọrin

Láti Tankẹ dé Gáà-Akanbí, láti Ọ̀fà dé Òmù-Àrán, àwọn tó ti kọ́ kíkà káàdì nínú blackjack, eré tí a ti ń bá apínkáàdì du àpapọ̀ tó sún mọ́ 21 jù láìkọjá rẹ̀, máa ń bi wá léèrè ohun tó kù. A to àwọn ìbéèrè náà láti orí èyí tó rọrùn dé èyí tó le. Iye owó náírà tó wà nínú àwọn àpẹẹrẹ wà fún ìṣirò nìkan.

Kí ni àǹfààní ilé, báwo ló sì ṣe lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́?

Ẹni tó bá tẹ̀lé àtẹ ìpìlẹ̀, ìyẹn àtẹ tó sọ ohun tó yẹ kéèyàn ṣe sí ọwọ́ káàdì kọ̀ọ̀kan, á máa pàdánù nǹkan bí ₦500 nínú gbogbo ₦100,000 tó bá gbé ka tábìlì tí òfin rẹ̀ dára. 0.5% nìyẹn. Ẹni tó ń ta bó ṣe wá sí i lọ́kàn á pàdánù ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin rẹ̀.

Káàdì tó bá ti jáde kì í padà sínú àpótí tí wọ́n ti ń pín in títí wọ́n á fi tún po gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí káàdì kéékèèké bá ti jáde púpọ̀, éèsì àti àwọn káàdì tí iye wọn jẹ́ 10 (10, J, Q, K) ló kún inú èyí tó kù. Ìyẹn dára fún wa: blackjack tiwa (éèsì pẹ̀lú káàdì oní-10 nínú káàdì méjì àkọ́kọ́) ń gba owó ìlọ́po kan àti ààbọ̀, ti apínkáàdì kì í gbà jù owó tí a fi sílẹ̀ lọ. Apínkáàdì tún gbọ́dọ̀ gba káàdì lé 16, ó sì máa ń bẹ́ (ìyẹn ni pé ó kọjá 21) nígbà tí káàdì ńlá bá pọ̀, ṣùgbọ́n àwa lè dúró.

Mo ti mọ ọ̀nà kíkà káàdì tí wọ́n ń pè ní Hi-Lo. Ṣé mo ti mọ̀ ọ́n tó láti lọ síwájú?

Ẹ yẹ ara yín wò. 2 sí 6, ẹ fi 1 kún un. 7 sí 9, ẹ fò ó. 10, J, Q, K àti éèsì, ẹ yọ 1. Èyí ni iye tó ń lọ. Ẹ fi iye páàkì (káàdì 52 ni ọ̀kan) tó kù nínú àpótí pín in, iye gidi ló máa jáde. +8 nígbà tí páàkì mẹ́rin kù, +2 ni. +8 nígbà tí páàkì méjì kù, +4 ni. Iye gidi kan sókè tó bí 0.5% sí ọ̀dọ̀ yín, nítorí náà ní +1, ẹ̀yin àti ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní dọ́gba.

Ẹni tí kò bá lè ka páàkì kan tán ní ìṣẹ́jú àáyá 30 láìṣì í kà, kó má tíì lọ síwájú. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni pípín: wọn kì í mọ iye páàkì tó kù. Ẹ ra páàkì mẹ́fà irú kan náà ní Ọjà Tuntun, ẹ kó wọn lé ara wọn, ẹ máa gé e níbi tó bá wù yín, ẹ sọ iye tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó kà á. Nígbà tí àṣìṣe yín kò bá ju ìlàjì páàkì lọ mọ́, ojú yín ti mọ́.

Níwọ̀n ìgbà tó ti di ìṣirò, ṣé tẹ́tẹ́ ṣì ni lójú ẹ̀sìn?

Tẹ́tẹ́ ni. Ìlọrin ni a wà, a ò sì ní bo èyí mọ́lẹ̀. Suratul-Má'ídà, áyà 90, ka tẹ́tẹ́ pọ̀ mọ́ ọtí, kò sì yọ ẹni tó mọ ìṣirò sílẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá wúwo lọ́kàn rẹ̀, kó bi ààfáà rẹ̀ kó tó náwó, kó má ṣe dúró di ìgbà tó bá jẹ tán.

Ẹni tó fẹ́ràn ọgbọ́n inú rẹ̀ nìkan lè fi káàdì ṣe é nílé láìsí kọ́bọ̀ kankan lórí tábìlì. Gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ ló ṣeé kọ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ló yẹ kí n kọ́kọ́ wò lórí tábìlì kí n tó jókòó?

Ohun tí wọ́n ń san fún blackjack ni. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sórí aṣọ tábìlì gan-an: 3 sí 2, tàbí 6 sí 5. Lórí ₦10,000, èkíní á fún yín ní ₦15,000, èkejì ₦12,000. Blackjack máa ń wá ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ọwọ́ 21, nítorí náà ₦3,000 tí wọ́n gé yẹn já sí bí ₦140 lórí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 1.4%. Ó ti ju gbogbo ohun tí kíkà káàdì máa ń mú wá lọ. Ẹ dìde níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí wọ́n fi káàdì ìgé sí, ìyẹn èyí tó ń fi ibi tí wọ́n á ti dáwọ́ pípín dúró hàn. Nínú páàkì mẹ́fà, bí wọ́n bá ń pín tó páàkì márùn-ún kí wọ́n tó tún un pò, ó dára. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, iye gidi kò ní ráyè gòkè. Apínkáàdì tó ń gba káàdì lé 17 tó ní éèsì tí a kà sí 11 ń fi 0.2% kún ti ilé. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ẹ sọ owó di ìlọ́po méjì lẹ́yìn tí ẹ ti pín káàdì méjì tó jọra, ẹ jèrè bí 0.14%. Bí ẹ bá lè jọ̀wọ́ ọwọ́ yín kí ẹ sì gba ìlàjì owó padà, 0.08% ni, ó sì ń pọ̀ sí i fún ẹni tó ń ka káàdì.

Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ tí wọ́n ń ti káàdì bọ̀ padà lẹ́yìn ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, tó ń pò ó láìdáwọ́dúró, kò sí iṣẹ́ fún yín níbẹ̀.

Ṣé mo lè ṣe é lórí fóònù láti ilé?

Rárá fún èyí tí kọ̀ǹpútà ń pín: ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pò ó tuntun. Èyí tí ènìyàn ń pín lójú kámẹ́rà sábà máa ń jẹ́ páàkì mẹ́jọ, tí wọ́n á sì gé bí ìlàjì rẹ̀ sẹ́yìn. Iye gidi tó dára kì í fi bẹ́ẹ̀ wá, bó bá sì wá, wọ́n á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pò ó.

Ẹni tó bá ń ta áàpù tàbí «àmì ìdánilójú» blackjack fún yín lórí Telegram ń jí owó yín. A sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ torí a mọ irú owó ilé-ìwé tó ti bá ibẹ̀ lọ. Ẹ sì rántí pé ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Nàìjíríà dá a lẹ́jọ́ pé ọ̀rọ̀ lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ wà lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ tí ẹ ti ń ta ni kí ẹ máa bèèrè.

Bọ́nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń fúnni lórí fóònù ńkọ́?

Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ kí ẹ tó gbà á. Wọ́n fún yín ní ₦10,000, wọ́n ní kí ẹ ta á ní ìlọ́po 30 kí ẹ tó lè gbé owó jáde: ₦300,000 nìyẹn. Pẹ̀lú 0.5%, ẹ máa pàdánù bí ₦1,500, ₦8,500 á sì kù. Èrè gidi ni.

Ṣùgbọ́n ẹ ka àwọn lẹ́tà kéékèèké. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń ka blackjack sí 10% péré. Ó ti di ₦3,000,000 tí ẹ máa ta, ₦15,000 tí ẹ máa pàdánù, nítorí ₦10,000.

Ìgbà wo ló yẹ kí n yà kúrò lórí àtẹ ìpìlẹ̀?

Bí iye gidi bá yí padà, ohun tó tọ́ náà á yí padà. Ìnṣọ́ránsì, ìyẹn owó àfikún tí a ń gbé lé e pé apínkáàdì tó fi éèsì hàn ní blackjack, ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. Ìlọ́po méjì ni wọ́n ń san, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta káàdì tó kù tó jẹ́ mẹ́wàá kí ó tó lérè. Nínú páàkì tuntun, lẹ́yìn éèsì apínkáàdì, 16 nínú 51 ni, ìyẹn 31.4%: kò tó. Ní iye gidi +3 sókè, ó ti tó. Ẹ rà á nígbà náà, ohun yòówù kí ẹ mú lọ́wọ́. Nísàlẹ̀ +3, ẹ má rà á láé, kódà bí ẹ bá mú blackjack.

Lẹ́yìn rẹ̀ (nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ọwọ́ yín, èkejì ni káàdì tí apínkáàdì fi hàn): 16 sí 10, ẹ dúró bí iye tó ń lọ bá ti ju òdo lọ. 15 sí 10, ẹ dúró ní +4. 12 sí 3, ẹ dúró ní +2. 12 sí 2, ní +3. 10 sí 10 àti 10 sí éèsì, ẹ sọ owó di ìlọ́po méjì ní +4. 9 sí 2 ní +1, 9 sí 7 ní +3. Bí wọ́n bá gbà kí ẹ jọ̀wọ́ ọwọ́: 15 sí 9 ní +2, 14 sí 10 ní +3.

Ẹ má kọ́ ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀. Bí 20 ló gbé ọ̀pọ̀ èrè náà dání, ẹni tó bá sì kọ́ 100 máa ń ṣi ìkà rẹ̀ gan-an níbi tó ti ń rántí wọn.

Ṣé ó burú láti dúró lẹ́yìn tábìlì, kí n wọlé nígbà tó bá dára nìkan?

Kò burú, ó sì ju ọ̀pọ̀ ọgbọ́n lọ. Ẹ ka káàdì lórí ìdúró, ẹ jókòó ní +2, ẹ dìde nígbà tó bá wọ −1. Ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọwọ́ tí ilé ń lékè.

Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ni àkọlé tó ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé láàárín àpótí, àti ojú alábòójútó. Ẹni tó bá ń wọlé nígbà tí káàdì ńlá pọ̀ nìkan ti ń fi ara rẹ̀ hàn.

Èló ni kí n gbé sílẹ̀ ní ọwọ́ kan?

Ẹ pín àǹfààní yín sí 1.3, èyí tó jẹ́ ìwọ̀n bí owó ṣe ń lọ sókè-sódò lórí ọwọ́ kan, ẹ fi ṣe ìlọ́po gbogbo owó tí ẹ yà sọ́tọ̀. Pẹ̀lú ₦1,000,000 àti àǹfààní 1%, ó já sí ₦7,700. Ẹni tó bá ń gbé odindi iye yìí láìdín in kù bí owó ti ń dín ní ewu 13.5% pé gbogbo rẹ̀ á tán. Ẹni tó bá gbé ìlàjì rẹ̀, ewu náà já sí 1.8%. Ìlàjì ni kí ẹ gbé.

Ó túmọ̀ sí bí ₦1,900 ní +2, ₦3,800 ní +3, ₦5,800 ní +4, ₦7,700 ní +5. Bí owó tó kéré jù lórí tábìlì bá jẹ́ ₦5,000, mílíọ̀nù kan kò tó yín jókòó, bó ti wù kí ẹ mọ̀ ọ́n kà tó.

Ẹ ka owó ọ̀nà mọ́ ọn. Ọwọ́ 60 ní wákàtí kan, ₦4,000 ní ìpíndọ́gba, àǹfààní 1%: ₦2,400 ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́wàá mú ₦24,000 wá. Ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ láti Ìlọrin sí Èkó, pẹ̀lú ibi tí ẹ máa sùn àti oúnjẹ, á gbé e mì. Owó ilé, owó ọjà ìyàwó, owó tí ẹ yá: kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ wà nínú owó àyàsọ́tọ̀.

Àwa mẹ́ta fẹ́ ṣe é pa pọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Al Francesco ló dá irú ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sókè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT níbẹ̀ sì mú un gbilẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹni méjì jókòó sí tábìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ń ka káàdì, wọ́n ń gbé owó tó kéré jù. Ẹnì kẹta ń rìn kiri bí ọlọ́rọ̀ tí kò mọ nǹkan kan. Nígbà tí iye bá dára, oníkíkà á ṣe àmì, bí kó ká apá mọ́ àyà. Ọlọ́rọ̀ á jókòó, á gbé owó ńlá. Wọ́n á fi ọ̀rọ̀ lásán sọ iye fún un: «ọ̀sẹ̀» lè dúró fún 7, «àádọ́ta» fún 5.

Èrè rẹ̀ tún wà nínú owó. Ẹni mẹ́ta tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ₦1,000,000 lè máa ta bí ẹni tó ní ₦3,000,000, níwọ̀n bí wọ́n bá pín èrè àti àdánù.

Ìwé owó ló ń tú ẹgbẹ́ ká. Ẹ ka owó níwájú ara yín kí ẹ tó wọlé àti lẹ́yìn tí ẹ bá jáde, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fọwọ́ sí i, bí olórí àjọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ fẹnu kò ṣáájú lórí ọjọ́ tí ẹ máa pín owó àti bí ẹni tó bá fẹ́ jáde ṣe máa gba tirẹ̀. Ẹ dán ara yín wò lóṣooṣù, ọ̀rẹ́ tàbí ẹ̀gbọ́n kò sí nínú rẹ̀.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń tọpa káàdì wọ inú pípò?

Pípò tí ọwọ́ ènìyàn ń ṣe kì í pé. Ìdì káàdì tó wà pa pọ̀ nínú àwo tí wọ́n ń kó káàdì tí wọ́n ti lò sí sábà máa ń wà nítòsí ara wọn lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ yìí le gan-an, a sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa kí ẹ tó fi náírà kan sí i.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú káàdì tí wọn kò pín. Gbogbo àpótí já sí òdo nínú Hi-Lo. Nítorí náà, bí iye tó ń lọ bá parí sí +8, tí páàkì kan sì kù lẹ́yìn káàdì ìgé, páàkì náà ní káàdì ńlá mẹ́jọ ju kéékèèké lọ. Ẹ wo ibi tí apínkáàdì fi í sí lórí òkìtì, ẹ wo òkìtì tó wà ní ìdojúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń rọ wọ́n mọ́ra. Bí páàkì yẹn bá wọ inú páàkì mìíràn tó wà ní òdo, agbègbè páàkì méjì ni ẹ ní, tó gbé 8 dání. Bí wọ́n bá fún yín ní káàdì ìgé, ẹ gé e kí agbègbè náà bọ́ sí iwájú, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti +8 lórí páàkì méjì: +4 láti ọwọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí ẹni tó ń ka lásán ń rí òdo.

Bí ó bá parí sí −8, ẹ gé e kí agbègbè náà bọ́ sẹ́yìn. Nínú àpótí páàkì mẹ́fà, mẹ́rin tó kù níwájú gbé +8: +2 nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń bà á jẹ́: apínkáàdì tó ń rọ káàdì lẹ́ẹ̀mẹta dípò ẹ̀ẹ̀kan, òkìtì tí wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣì í gé ní ìlàjì páàkì sí ibi tó yẹ. Ẹni tó bá pàdánù ìdì náà lè máa gbé owó ńlá sí àárín káàdì kéékèèké, ìyẹn sì burú ju kí ó má mọ nǹkan kan lọ. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pò ó ní ilé yẹn gan-an, kí ẹ sì ṣe é nílé títí ẹ ó fi mọ ibi tí ìdì náà wà láìwo káàdì.

Kí ni títọpa éèsì, ṣé ó ju ìyẹn lọ?

Nígbà tí wọ́n bá kó káàdì sínú àwo, ẹ há káàdì méjì tàbí mẹ́ta tó máa ṣáájú éèsì nínú pípín tó ń bọ̀ sórí. Lẹ́yìn pípò tí kò jinlẹ̀, káàdì kan tàbí méjì á ti wọ àárín wọn, ṣùgbọ́n ètò wọn á ṣì wà. Nígbà tí ẹ bá rí àwọn káàdì àmì náà, éèsì wà nítòsí.

Ọwọ́ tí éèsì bá ṣíwájú nínú rẹ̀ ń fún yín ní àǹfààní bí 51%. Láìmọ nǹkan kan, ẹ̀ẹ̀kan nínú 13 ni ẹ máa gbà á. Bí ẹ bá sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin, àǹfààní ọwọ́ yẹn sún mọ́ 9%, kí a tó yọ ìpalára rẹ̀ nígbà tó bá bọ́ sọ́wọ́ apínkáàdì, torí níbẹ̀ àdánù yín lè tó 34%. Nítorí náà ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń gba ọwọ́ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, kí éèsì tó ṣì lọ ṣì lè bọ́ sí tiwọn.

Bí apínkáàdì bá ṣèèṣì fi káàdì ìsàlẹ̀ rẹ̀ hàn ńkọ́?

Kò sí àǹfààní tó tó o nínú blackjack: ẹni tó bá rí i ní gbogbo ìgbà, tó sì lò ó láìbẹ̀rù, lè ju 10% lọ. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ìpínlẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà ti dá a lẹ́jọ́ ní 1983 pé ẹni tó jókòó sáyè rẹ̀ tó sì rí ohun tí àìbìkítà apínkáàdì fi hàn kò ṣe jìbìtì. Bí dígí tàbí kámẹ́rà bá wọ̀ ọ́, ó ti di ọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé tẹ́tẹ́ lẹ́yìn Amẹ́ríkà, apínkáàdì kì í mú káàdì kejì títí gbogbo ènìyàn á fi ta tán. Níbẹ̀, kò sí nǹkan kan láti rí.

Bí ó bá fi 10 hàn, tí ẹ sì rí 6 nísàlẹ̀, ẹ má gba káàdì lé 12 sí 16. Bí ẹ bá mọ̀ pé 20 ni tirẹ̀, ìṣirò ní kí ẹ gba káàdì kódà lé 19, torí ìdúró ti di àdánù. Ẹ má ṣe é: ẹni tó bá gba káàdì lé 19 ti kígbe fún gbogbo kámẹ́rà pé òun rí i.

Phil Ivey, atatẹ́tẹ́ ará Amẹ́ríkà, wo ẹ̀yìn káàdì, wọn kò sì san owó tó jẹ fún un. Kí ló mú tirẹ̀ yàtọ̀?

Baccarat, eré káàdì mìíràn, ló ta, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 2012. Etí ẹ̀yìn káàdì náà kò dọ́gba, ó sì mú kí wọ́n yí àwọn káàdì tó dára padà láìjẹ́ kí apínkáàdì mọ ìdí. Ní 2017, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní jìbìtì ni, £7.7 mílíọ̀nù náà kò sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ẹni tó wo ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ wà lápá kan; ẹni tó yí ohun èlò tẹ́tẹ́ náà padà wà lápá kejì. Ẹ̀rọ ìṣirò tí ẹ fi pamọ́ sínú bàtà tàbí fóònù tó ń ka káàdì wà ní apá kejì yẹn pẹ̀lú. Nevada ti fi òfin dè é láti 1985.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n máa ń dá apá kan àdánù padà fún olówó ńlá?

Òótọ́ ni. Don Johnson, atatẹ́tẹ́ ará Amẹ́ríkà kan, jẹ nǹkan bí $15 mílíọ̀nù ní ilé tẹ́tẹ́ mẹ́ta ní Atlantic City, ní 2010 sí 2011, ní àsìkò tí wọ́n ń wá oníbàárà lójú méjèèjì. Ó dúnàá-dúrà lórí òfin tábìlì títí ìpín ilé fi kéré jọjọ, wọ́n sì gbà láti dá 20% àdánù rẹ̀ padà. Kò nílò kíkà káàdì.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ pinnu láti dìde bí ẹ bá jẹ ₦500,000 tàbí bí ẹ bá pàdánù ₦500,000. Àdánù yín já sí ₦400,000 lẹ́yìn ìdápadà. Bí ọ̀nà méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹ jèrè ₦50,000 ní ìpíndọ́gba, kí a tó yọ ìpín ilé. Bí ẹ bá gbé àpapọ̀ ₦5,000,000 ka tábìlì kí ẹ tó dé ibẹ̀, ìpín ilé jẹ́ ₦25,000. ₦25,000 ló kù fún yín. Ẹni tó bá ń bá a lọ lẹ́yìn ààlà rẹ̀ ti dá èrè náà padà fún wọn.

Kí ni wọ́n lè ṣe fún mi bí wọ́n bá mọ̀?

Wọ́n lè ní kí ẹ má ta blackjack mọ́, kí ẹ máa gbé owó kan náà, tàbí kí ẹ jáde. Ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà nìkan, ẹjọ́ Ken Uston, oníkíkà káàdì kan, ní 1982 kò jẹ́ kí ilé tẹ́tẹ́ lé ẹni tó ń ka káàdì, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó kíákíá dípò lílé.

Ẹ má jiyàn. Ẹ gba owó yín, ẹ dúpẹ́, ẹ máa lọ.

Mo ti ta fún wákàtí 100, mo ṣì wà nínú àdánù. Ṣé mi ò mọ̀ ọ́n ni?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wákàtí 100, ọwọ́ 80 ní wákàtí kan: 8,000. Bí ẹ bá ń gbé ₦10,000 pẹ̀lú àǹfààní 1%, ẹ retí ₦800,000. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n lílọ sókè-sódò rẹ̀ jẹ́ ₦10,000 lọ́nà 1.15 (bí gbòǹgbò 1.3 tí a lò lókè) lọ́nà gbòǹgbò 8,000, ìyẹn bí ₦1,030,000. Ó ju èrè tí ẹ ń retí lọ. Nínú ẹni márùn-ún tó ṣe gbogbo rẹ̀ láìṣì, ó kéré tán ẹnì kan lè ṣì wà nínú àdánù. Bí owó yín bá sì ń ga ń lọ sílẹ̀, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, owó tó wà lápò yín kò lè dáhùn ìbéèrè yìí lẹ́yìn wákàtí 100. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn pín páàkì mẹ́fà fún yín nílé, pẹ̀lú rédíò tó ń pariwo àti ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀, kó máa dá yín dúró ní ibi ogún, kó bèèrè iye tó ń lọ, iye gidi, owó tó yẹ kí ẹ gbé àti ohun tó yẹ kí ẹ ṣe sí ọwọ́ yín. Bí àṣìṣe bá ju méjì lọ nínú ogún, ẹ má padà sí tábìlì títí ẹ ó fi dín in kù. Bí kò bá sí àṣìṣe, ẹ tún òfin tábìlì yẹn kà àti ibi tí wọ́n ń fi káàdì ìgé sí. Ibẹ̀ ni àṣìṣe sábà máa ń wà.